Awò inú ọ̀nà ìtọ̀

Awò inú ọ̀nà ìtọ̀ ni orúkọ àpapọ̀ fún àwọn ohun èlò tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń wo inú ihò ìtọ̀, àpò ìtọ̀, ọ̀pá ìtọ̀ àti kíndìnrín, tí wọ́n sì fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ láìla ikùn aláìsàn. Nínú àyọkà yìí, ihò ìtọ̀ ni ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde láti inú àpò ìtọ̀ sí ìta ara. Ọ̀pá ìtọ̀ ni èyí tí ó ń gbé ìtọ̀ láti inú kíndìnrín wá sínú àpò ìtọ̀. Méjì ni, ọ̀kan fún kíndìnrín kọ̀ọ̀kan.

Irú mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀ jù lọ: awò àpò ìtọ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní sístóskópù, awò onígígé, tí wọ́n ń pè ní rísẹ́któskópù, awò ọ̀pá ìtọ̀, ìyẹn yurítẹ́róskópù, àti awò kíndìnrín, ìyẹn nẹ́fróskópù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ti àgbàlagbà àti ti ọmọdé. Ti ọmọdé kì í ṣe ti àgbà tí a kàn sọ di kékeré, nítorí pé ara ọmọdé kò fàyè gba ohun púpọ̀ tí ara àgbà lè fara dà. Ìtàn àwọn ohun èlò wọ̀nyí sì fi hàn pé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni ohun tí a ṣe nítorí ọmọdé ti di ohun tí ó ṣí ọ̀nà tuntun fún ìtọ́jú àgbà.

Ìwọ̀n

Ìwọ̀n Charrière, tí a tún ń pè ní ìwọ̀n Faransé, ni a fi ń sọ bí awò ṣe nípọn tó. Fr ni a máa ń kọ fún un ní ìkékúrú. Orúkọ Joseph-Frédéric-Benoît Charrière ni a fi sọ ọ́, ọ̀gá nínú àwọn tí ń rọ irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ ní ìlú Paris ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. 1 Fr jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta mìlímítà. Nítorí náà, awò 24 Fr fẹ̀ ní mìlímítà 8 láti etí kan dé èkejì, awò 9 Fr sì fẹ̀ ní mìlímítà 3.

Ihò ìtọ̀ àgbà ọkùnrin gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20, ti àgbà obìnrin sì jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4. Awò 24 Fr sábà máa ń gba inú ihò ìtọ̀ àgbà kọjá. Ti ọmọkùnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kì í sábà gbà ju nǹkan bí 8 Fr lọ. Bí a bá fi ipá ti ohun tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ wọlé, ara inú ihò náà yóò bó. Egbò náà lè jinná, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ a máa súnkì, a sì máa fún ihò ìtọ̀ pọ̀. Ọmọ tí a tọ́jú nítorí pé kò rí ìtọ̀ tọ̀ dáadáa lè tipa bẹ́ẹ̀ ní ìdènà mìíràn tí yóò bá a dàgbà.

Ohun mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ gba inú awò kan ṣoṣo kọjá: àwòrán tí ń bọ̀ síta, ìmọ́lẹ̀ tí ń lọ sínú, omi tí ń ṣí ojú ọ̀nà, àti irinṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Bí a bá fẹ́ kí awò tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yìí ni yóò fi àyè sílẹ̀. Awò tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lè ríran láìlè gbé irinṣẹ́ kankan wọlé, tàbí kí omi rẹ̀ má tó láti fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ìṣòro àyè yìí ni gbogbo àwọn tí ó ti ṣe awò láti ìbẹ̀rẹ̀ ń gbìyànjú láti yanjú.

Ìtàn

Ní ọdún 1806, Philipp Bozzini, dókítà kan ní ìlú Frankfurt ní Jámánì, ṣe ohun èlò kan tí ó ní àbẹ́là, dígí tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà àti ọ̀pá ihò tí a lè kì bọ inú ara. Ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là kò tó nǹkan, àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Vienna kò sì gba ohun èlò náà wọlé. Bozzini kú ní 1809 láìrí i kí iṣẹ́ rẹ̀ gbilẹ̀. Ní 1853, Antonin Jean Desormeaux gbé irú tirẹ̀ jáde ní Paris. Fìtílà tí ń jó ọtí líle àti òróró tọpẹntáìnì ni ó lò, ṣùgbọ́n ìta ara ni fìtílà náà ṣì wà.

Maximilian Nitze, ará Jámánì, ni ó gbé ìmọ́lẹ̀ wọ inú àpò ìtọ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1877, ní ìlú Dresden, ó fi awò kan han àwọn dókítà tí ó ní wáyà pílátínọ́ọ̀mù lórí rẹ̀. Iná mànàmáná ń mú kí wáyà náà pọ́n yòò, omi tútù sì ń ṣàn yí i ká kí ó má bàa jó ara. Nitze tún to àwọn lẹ́ńsì sínú ọ̀pá náà kí ojú lè rí ibi tí ó gbòòrò. Josef Leiter, tí ń ṣe irinṣẹ́ ní Vienna, bá a tún un ṣe. Lẹ́yìn tí gílóòbù iná Edison ti dé ní 1879, a rí gílóòbù kékeré fi rọ́pò wáyà gbígbóná náà.

Ní 1926, Maximilian Stern ní Amẹ́ríkà gbé awò onígígé jáde, èyí tí ó fi wáyà oníná gé ẹran ara tí ó dí ihò ìtọ̀. Joseph McCarthy tún un ṣe ní 1931. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí próstéètì wọn wú ti ń bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ tí a fi ń la ikùn.

Àyípadà tí ó tóbi jù lọ wá láti ọ̀dọ̀ Harold Hopkins, onímọ̀ físíìsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. James Gow, oníṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ ní Liverpool, bá a sọ̀rọ̀ nítorí pé kò rí àwòrán tí ó mọ́ yà nínú àpò ìtọ̀. Nínú awò àtijọ́, lẹ́ńsì pẹlẹbẹ mélòó kan ni ó wà, afẹ́fẹ́ sì kún àárín wọn. Hopkins yí ètò náà padà ní 1959: ó fi ọ̀pá dígí gígùn kún inú awò, ó sì fi àlàfo afẹ́fẹ́ kékeré sáàárín wọn. Ìmọ́lẹ̀ tí ń gba inú rẹ̀ kọjá wá pọ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po. Karl Storz, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Tuttlingen ní Jámánì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn dígí gbé ìmọ́lẹ̀ tútù láti ìta wọ inú ara. Nígbà tí òun àti Hopkins pàdé ní 1965, a so ọgbọ́n méjèèjì pọ̀.

Fún àgbàlagbà, ohun tí èyí mú wá ni àwòrán tí ó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fún ọmọdé, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níwọ̀n bí ọ̀pá dígí tí kò nípọn ti lè gbé ìmọ́lẹ̀ tí ó tó, ó wá ṣeé ṣe láti ṣe awò tí yóò gba ihò ìtọ̀ ọmọ ìkókó kọjá. Ṣáájú ìgbà náà, bí awò kò bá gba ihò ìtọ̀ ọmọkùnrin, oníṣẹ́ abẹ a máa lu ihò sí abẹ́ àpò ẹpọ̀n rẹ̀, níbi tí ihò ìtọ̀ ti fẹ̀ díẹ̀, kí ó tó lè ti awò wọlé.

Àwọn irú awò

Awò àpò ìtọ̀ ni ìpìlẹ̀ gbogbo wọn. Líle wà, rírọ̀ sì wà. Ti líle fún àgbà sábà máa ń wà láàárín 17 Fr sí 25 Fr. Ti ọmọdé bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 7.5 Fr. Ẹnu lẹ́ńsì rẹ̀ kò kọjú sí ibì kan náà: èyí tí ó jẹ́ ìwọ̀n 0° tàbí 12° ń wo iwájú gan-an, a sì ń fi í wo ihò ìtọ̀, 30° àti 70° ń wo ẹ̀gbẹ́, a sì ń fi wọ́n wo ògiri àpò ìtọ̀ yíká. Ti rírọ̀ jẹ́ nǹkan bí 15 Fr sí 17 Fr, orí rẹ̀ sì ṣeé tẹ̀ padà sẹ́yìn. Òun ni a sábà ń lò fún àgbàlagbà tí kò sùn, lẹ́yìn tí a bá ti fi jẹ́lì tí ń pa ìrora sí ojú ìtọ̀ rẹ̀. Ọmọdé kò lè dúró jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà oògùn oorun ni a máa ń fún un.

Awò onígígé ní wáyà rìbìtì kan lẹ́nu tí a lè tì síwájú kí a sì fà sẹ́yìn. Iná mànàmáná tí ń gba inú wáyà náà kọjá ni ó ń gé ẹran ara tí ó sì ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ti àgbà máa ń wà láàárín 24 Fr sí 28 Fr. Ti ọmọdé kò tó ìdajì èyí, dípò rìbìtì sì ni ó sábà máa ń ní ìkọ́ tàbí abẹ kékeré.

Awò ọ̀pá ìtọ̀ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Ọmọdé ni a ti kọ́kọ́ rí i pé ó ṣeé ṣe láti wọ ibẹ̀. Ní 1912, Hugh Hampton Young ní Baltimore ń wo inú àpò ìtọ̀ ọmọ kan tí ìdènà ìtọ̀ ti mú kí ọ̀pá ìtọ̀ rẹ̀ fẹ̀ kọjá ààlà. Awò rẹ̀ wọ inú ọ̀pá náà lọ títí ó fi dé kíndìnrín. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà fẹ́ wo inú ọ̀pá ìtọ̀ àwọn obìnrin àgbà, awò àpò ìtọ̀ ti ọmọdé ni wọ́n mú, nítorí pé kò sí òmíràn tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Enrique Pérez-Castro ní Madrid lo awò gígùn tí a dìídì ṣe fún iṣẹ́ náà ní 1980. Lónìí, èyí tí ó rọ̀ jẹ́ nǹkan bí 7.5 Fr sí 9.5 Fr, àwọn kan tí ó le sì wà fún ọmọdé tí orí wọn jẹ́ 4.5 Fr.

Awò kíndìnrín kì í gba ojú ìtọ̀ wọlé. Ẹ̀yìn ni a ti ń lu ihò kékeré sí kíndìnrín kí a lè gbé òkúta ńlá jáde. Ingemar Fernström àti Bertil Johansson ní Swídìn ni ó kọ́kọ́ ròyìn iṣẹ́ yìí ní 1976. Ihò tí a ń lù fún àgbà máa ń wà láàárín 24 Fr sí 30 Fr. Ihò tí ó tó bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù fún kíndìnrín ọmọdé, nítorí náà ní ìparí àwọn ọdún 1990, a ṣe ọ̀nà tí ó kéré sí i fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé lọ. Nígbà tí a rí i pé ihò kékeré ń dín ẹ̀jẹ̀ dídà kù, àwọn oníṣẹ́ abẹ àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Àwọn irinṣẹ́ kéékèèké ń gba inú awò wọ̀nyí kọjá: wáyà atọ́nà, apẹ̀rẹ̀ wáyà tí a fi ń gbá òkúta mú, ẹ̀mú tí a fi ń já ẹran ara díẹ̀ fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ, àti okùn dígí tí ń gbé ìmọ́lẹ̀ lésà. Lésà hólmíọ́ọ̀mù ni ó gbajúmọ̀ jù fún fífọ́ òkúta. Lẹ́yìn iṣẹ́, a lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ méjèèjì ká kò sínú ọ̀pá ìtọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ìtọ̀ má bàa há. Rọ́bà náà kì í ṣe ohun tí a ń gbàgbé sínú ara: bí ó bá pẹ́ jù, òkúta yóò hù lé e lórí.

Omi ìṣàn

Awò kò lè ríran bí omi kò bá ṣàn, nítorí pé omi ni ó ń fẹ ògiri ọ̀nà ìtọ̀ tí ó sì ń fọ ẹ̀jẹ̀ lọ. Irú omi tí a lò sì ṣe pàtàkì. Bí iná mànàmáná awò onígígé bá jẹ́ ti àtijọ́, èyí tí ń gba ara aláìsàn kọjá lọ sí pátákó kan lára rẹ̀, a kò lè lo omi iyọ̀, torí pé omi iyọ̀ yóò gbé iná náà tàn ká. Omi tí a po gláísìnì 1.5% mọ́ ni a sábà ń lò. Bí omi yìí bá gba ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí a gé wọ ara lọ púpọ̀, yóò po iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Orí aláìsàn lè dàrú, èébì lè gbé e, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń ṣọ́ aago, tí wọn kì í fẹ́ kí irú gígé bẹ́ẹ̀ kọjá nǹkan bí wákàtí kan. Awò tí iná rẹ̀ kò kúrò láàárín ẹnu wáyà méjèèjì ń ṣiṣẹ́ nínú omi iyọ̀ 0.9%, ó sì mú kí ewu yìí dín kù gan-an.

Ewu omi sún mọ́ ọmọdé ju àgbà lọ. Àpò ìtọ̀ àgbà lè gba nǹkan bí mìlílítà 400 sí 500. Fún ọmọdé, a máa ń fi 2 kún iye ọdún rẹ̀, a ó sì fi 30 sọ ọ́ di púpọ̀: àpò ìtọ̀ ọmọ ọdún 4 gba nǹkan bí mìlílítà 180. Iye omi tí kò ní ṣe àgbà ní nǹkan kan lè fọ́ àpò ìtọ̀ ọmọ tàbí kí ó ti ìtọ̀ padà sínú kíndìnrín rẹ̀. Omi tútù pẹ̀lú lè mú kí ara ọmọ ìkókó tutù kíákíá lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, a máa ń mú kí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara, a kì í gbé àpò omi kọ́ sókè jù, a sì ń tú àpò ìtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lóòrèkóòrè.

Lílò fún àgbàlagbà

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ni ìdí pàtàkì tí a fi ń wo inú àpò ìtọ̀ àgbà, nítorí pé ó lè jẹ́ àmì àrùn jẹjẹrẹ. Awò kan náà tí ó rí kókó náà ni ó ń tọ́ awò onígígé sọ́nà láti gé e, kí a sì mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó. A tún ń lo awò fún próstéètì tí ó wú, ihò ìtọ̀ tí ó fún pọ̀, àti òkúta.

Ní Nàìjíríà àti àwọn ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn, àtọ̀sí ajá jẹ́ ìdí mìíràn. Kòkòrò Schistosoma haematobium ni ó ń fà á. Inú ìgbín omi ni ó ti ń dàgbà, ó sì ń gba awọ ara wọ inú ẹni tí ó bá wọ odò. Ẹyin rẹ̀ a máa kó jọ sí ògiri àpò ìtọ̀. Lójú awò, ibẹ̀ a máa rí bí iyanrìn tí a fọ́n sílẹ̀. Oògùn prasikúántẹ́lì ń pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n àrùn tí ó ti pẹ́ lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Lílò fún ọmọdé

Àrùn tí ó fi ìníyelórí awò ọmọdé hàn jù lọ ni awọ ìdènà inú ihò ìtọ̀, tí ó ń bá àwọn ọmọkùnrin nìkan wáyé láti inú oyún. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń ta bo ẹ̀yìn ihò ìtọ̀, kò sì ní jẹ́ kí ìtọ̀ jáde bí ó ti yẹ. Àpò ìtọ̀ a wú, ògiri rẹ̀ a le, ìtọ̀ a sì padà sí kíndìnrín. Young, tí a dárúkọ lókè, ni ó pín in sí irú mẹ́ta ní 1919. Nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú 5,000 sí 8,000 ni a ń bí pẹ̀lú rẹ̀. Ìtọ̀ tí ń kán tótó dípò kí ó tú jáde, ọmọ tí ń tinú kí ó tó tọ̀, ìsàlẹ̀ ikùn tí ó le bí ìgbá, ibà tí ń padà wá àti ọmọ tí kò sanra jẹ́ àmì rẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò gba àkókò púpọ̀ níbi tí awò tí ó yẹ bá wà. Oníṣẹ́ abẹ yóò wọ inú ihò ìtọ̀, yóò rí awọ náà, yóò sì fi abẹ tútù, iná mànàmáná tàbí lésà gé e níbi méjì tàbí mẹ́ta. Bí ihò ìtọ̀ ọmọ bá kéré ju awò tí ó wà nílẹ̀ lọ, a lè ṣí àpò ìtọ̀ rẹ̀ sí ara ikùn kí ìtọ̀ lè máa jáde títí tí yóò fi dàgbà sí i. Níbi tí kò bá sí awò ọmọdé rárá, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ń lo ọ̀pá irin oníkọ̀ọ́ tí a ń pè ní Mohan's valvotome, èyí tí a ń fi já awọ náà láìrí i, pẹ̀lú ìmọ̀lára ọwọ́ nìkan. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọmọdé ní Nàìjíríà, títí kan àwọn tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀, ti kọ ìwádìí lórí àrùn yìí àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ó hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé gígé awọ kò lè dá kíndìnrín tí ó ti bàjẹ́ padà. Ọmọ tí a tètè gbé wá ń jèrè púpọ̀ ju èyí tí ó pẹ́ nílé lọ, gbogbo wọn ni a sì gbọ́dọ̀ máa ṣàyẹ̀wò kíndìnrín wọn títí wọn yóò fi dàgbà.

Àrùn kejì ni ìpadàsẹ́yìn ìtọ̀ láti àpò ìtọ̀ sí kíndìnrín. Ní 1984, Barry O'Donnell àti Prem Puri ní Dublin ròyìn bí a ṣe lè gba inú awò fi abẹ́rẹ́ gún ohun tí ó ki sí abẹ́ ẹnu ọ̀pá ìtọ̀, kí ẹnu náà lè padé. Ṣáájú èyí, ikùn ọmọ ni a ní láti là. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ lò ni a ti fi òmíràn rọ́pò, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ṣì wà.

Ìtọ́jú àwọn ohun èlò

Awò jẹ́ ohun ẹlẹgẹ́. Ọ̀pá dígí inú awò líle lè sán bí ó bá já bọ́ tàbí bí a bá tẹ̀ ẹ́, ti rírọ̀ sì lè bàjẹ́ bí okùn lésà bá gún un nínú. Lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ fọ inú àti òde rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa gbẹ mọ́ ọn, nítorí pé kẹ́míkà kò lè pa kòkòrò tí ẹ̀gbin bò. Èyí tí olùṣe rẹ̀ bá sọ pé ó lè fara da ooru ni a ń fi sínú ẹ̀rọ ooru ìwọ̀n 134°C. Àwọn yòókù ni a ń fi kẹ́míkà bíi glutaraldehyde tàbí peracetic acid tọ́jú. Kẹ́míkà ortho-phthalaldehyde kò yẹ fún awò tí a ó fi wo ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, nítorí pé ó ti mú kí ara àwọn kan tí a ń wò léraléra kọ̀ ọ́ lọ́nà tí ó léwu.

Awò ọmọdé ni ó tètè ń bàjẹ́ jù nínú wọn, nítorí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ọ̀kan ṣoṣo tí ilé ìwòsàn ní bá ṣẹ́, a lè fi awò àgbà mìíràn rọ́pò ti àgbà, ṣùgbọ́n kò sí awò àgbà tí ó lè rọ́pò ti ọmọ ìkókó.